Àìsàn X Fragile: Ohun Tí Ó Ń Gba Inú Ìdílé Kọjá Láìfarahàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á wo ilé kan. Kì í ṣe ilé ẹnìkan tí a mọ̀. Irú rẹ̀ lè wà ní Kétu, ó lè wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó lè wà ní Àjàṣẹ́.

Wọ́n bí ọmọkùnrin kan nínú ilé náà. Ọmọ náà rẹwà, ó sanra, ó ń mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, òun kò tíì jókòó. Nígbà tí wọ́n rìn, òun kò tíì rìn. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tíì lè pe ìyá rẹ̀. Ó ń sáré kiri láìsinmi. Bí ènìyàn bá wò ó lójú, yóò yí ojú kúrò. Bí ariwo bá pọ̀, yóò máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò, tàbí kí ó bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ.

Kí ni àwọn ará ilé yóò wí? Àwọn kan yóò ní èmèrè ni. Àwọn kan yóò ní ayé ni ó fi ọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn yóò kọjú sí ìyá ọmọ: "Kí ni o jẹ nígbà tí o wà nínú oyún? Ibo ni o rìn dé ní ọ̀sán gangan?" Bí ó bá tún bí ọmọkùnrin kejì tí ó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ọkọ yóò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyàwó tuntun yóò bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà náà ni gbogbo ẹnu yóò là pé: "Ẹ kò rí i? Ọwọ́ ìyálé ni ọ̀ràn yìí wà."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè mú kí òye ọmọ lọ́ra. Bí ọmọ bá pẹ́ jù ní ojú ara ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí, tí kò tètè mí, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́. Ibà tí ó gun orí ọmọ, àrùn yírùnyírùn, ibà apọ́njú tí ó le ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, gbogbo wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mìíràn wà tí ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè sọ ọ̀rọ̀. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo gbogbo ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Nínú gbogbo àìsàn òye tí à ń jogún, òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ púpọ̀. Ní èdè Faransé wọ́n ń pè é ní X fragile, ìyẹn ni pé X tí kò lágbára, X tí ó fẹ́ já. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti kà á, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 4,000 sí 7,000 ni ó ní i. Ti obìnrin kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dúdú ní i, funfun ní i.

OKÙN INÚ ARA

Kí á tó lè mọ ohun tí ń jẹ́ X, a ní láti wo inú ara.

Ara wa kún fún ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Bí bíríkì ti pọ̀ lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pọ̀ lára ènìyàn. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. 46 ni wọ́n, méjì méjì ni wọ́n sì pín sí. A gba 23 lọ́wọ́ bàbá, a gba 23 lọ́wọ́ ìyá. Lára àwọn okùn yìí ni a ti kọ ìtọ́ni tí ara fi ń ṣe ara rẹ̀: bí imú yóò ṣe rí, bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe rí, bí ọpọlọ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ AS àti ẹ̀jẹ̀ SS, ara okùn yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Okùn méjì nínú 46 náà ni ó ń pín ọkùnrin àti obìnrin níyà. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Ìyá kò ní ohun mìíràn tí yóò fún ọmọ ju X lọ. Bàbá ni ó lè fún ọmọ ní X, kí ọmọ náà jẹ́ obìnrin, tàbí kí ó fún un ní Y, kí ó jẹ́ ọkùnrin. (Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń bínú sí ìyàwó yín pé obìnrin nìkan ni ó ń bí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kejì.)

Ọmọkùnrin, nígbà náà, gba X rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá. Kò ní òmíràn. Bí X yẹn bá ní àbùkù, kò sí èkejì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ní méjì. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, èkejì lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí àìsàn yìí fi ń mú ọkùnrin jù, tí ó sì ń le lára wọn jù.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A TÚN KỌ JÙ

Irú àbùkù wo ni ó wà lára X náà? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ yóò tètè yé e yín.

Èdè Yorùbá ní lẹ́tà 25. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìtọ́ni inú ara. Àwọn onímọ̀ ń pe lẹ́tà náà ní A, C, G àti T. Ní apá ìsàlẹ̀ okùn X, ìtọ́ni kan wà tí wọ́n sọ ní FMR1. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́ni náà, lẹ́tà mẹ́ta kan ń tún ara wọn sọ: CGG, CGG, CGG. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń tó nǹkan bí ìgbà 30. Kì í sábà tó 45. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ẹ ti máa ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó. Bí olùkọ́ bá kọ "ba ba ba", ẹnikẹ́ni lè dà á kọ láìṣìṣe. Bí ó bá kọ "ba" ní ìgbà 70 ní ìlà kan ńkọ́? Ojú yóò ṣú ọ. O kò ní mọ ibi tí o dé mọ́. O lè kọ 75, o lè kọ 90. Ẹni tí yóò sì da tìrẹ kọ yóò tún ṣì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ bí ọmọ, ara ní láti da ìtọ́ni rẹ̀ kọ fún ọmọ náà. Bí CGG náà kò bá pọ̀, ara ń dà á kọ dáadáa láti ìran dé ìran. Bí ó bá ti kọjá 55, àdàkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó sì ń gùn sí i.

Ẹni tí CGG rẹ̀ wà láàrin 55 àti 200, òye rẹ̀ máa ń pé bí ti ẹlòmíràn. Ó ń ṣòwò, ó ń roko, ó ń bímọ. Kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan. A ó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ó gbé e. Wọn kò ṣọ̀wọ́n bí àwọn tí ó ń ṣàìsàn: ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti kà wọ́n, nǹkan bí obìnrin kan nínú 150 sí 300 ni ó gbé e.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju 200 lọ, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Ara yóò pa ìtọ́ni FMR1 náà dé, bí ẹni pa ìwé dé. Ìwé náà wà níbẹ̀, kò ya, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kà á. Ìtọ́ni yẹn ni ara ìbá fi ṣe èròjà kan tí ó ń bójú tó bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń so mọ́ ara wọn. Nígbà tí èròjà náà kò sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò so pọ̀ bí ó ti yẹ, ẹ̀kọ́ sì ń ṣòro fún ọmọ. Gbogbo àìsàn náà kò ju èyí lọ. Kò sí èpè níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí aláboyún jẹ tí ó lè sọ 70 di 300.

Ọ̀NÀ TÍ Ó GBÀ WỌLÉ

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ọwọ́ ìyálé ni ọ̀ràn wà. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá ìyálé. Bàbá náà jẹ́ àgbẹ̀ tí ó lágbára, orúkọ rẹ̀ dára ní ìlú. X rẹ̀ ní CGG 70. Kò mọ̀. Ó bí ọmọkùnrin mẹ́rin: Y ni ó fún wọn, nítorí náà kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó gba nǹkan náà. Ó bí ọmọbìnrin mẹ́ta: X rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó fún wọn, nítorí náà gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbà á. Bí ọkùnrin bá gbé e, kì í tó 200 ní ara ọmọbìnrin rẹ̀. Á wà ní agbègbè 70 náà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yìí gbọ́n, ara wọn le. Wọ́n lọ sí ilé ọkọ, ọ̀kan ní ìlú kan, èkejì ní ìlú kejì, ẹ̀kẹta ní ìlú kẹta.

Ní ilé ọkọ ni ìṣòro ti jáde. Ara obìnrin ni CGG ti ń gùn gan-an nígbà tí ó bá ń da ìtọ́ni kọ fún ọmọ. Fún oyún kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ X rẹ̀ tí ó dára ni ọmọ gbà, ó lè jẹ́ X tí ó gùn. Méjèèjì dọ́gba, bí ìgbà tí a ju owó sókè. Bí ó bá jẹ́ X tí ó gùn ni, ó lè fò láti 70 kọjá 200 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iye ti ìyá bá kéré sí 60, kì í sábà fò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti lé ní 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni yóò fò.

Ẹ wá wò ó. Ìdílé ìyàwó yóò búra pé: "Kò sí ẹni tí ó rí báyìí rí ní ilé wa." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ-ọmọ ni ó kọ́kọ́ farahàn lára rẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àwọn àgbà wa máa ń wádìí ìdílé: ṣé wárápá kò sí níbẹ̀, ṣé ètè kò sí, ṣé ọ̀rọ̀ orí kò sí? Ìwádìí náà dára. Ṣùgbọ́n èyí kò sí lára ohun tí ojú lè rí. Àwọn ọmọ bàbá náà mẹ́ta lè bí ọmọ aláìsàn ní ìlú mẹ́ta, kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa fi ẹ̀sùn kan ìyá tirẹ̀, láìmọ̀ pé okùn kan náà ni.

Ìyàwó tuntun tí ọmọ rẹ̀ dá ṣáṣá kò ṣe oògùn. X tirẹ̀ kò gùn ni. Ìyálé náà kò ṣe oògùn. Ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí ó ti gba ìrísí imú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ ni ó gbé e, kì í ṣe ìyàwó. Nígbà náà, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbà á, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó yòówù tí ó bí wọn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì hàn lára wọn.

BÍ WỌ́N ṢE RÍ I

Ó pẹ́ kí àwọn dókítà tó mọ èyí. Ní ọdún 1943, dókítà méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Purdon Martin àti Julia Bell, kọ̀wé nípa ìdílé kan tí ọkùnrin 11 ti ní àìpé òye. Wọ́n ya àwòrán ìdílé náà, wọ́n sì rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ara wọn dá ni ó ń gbà wá. Julia Bell ti ń lọ sí ọmọ ọdún 65 nígbà náà.

Ní ọdún 1969, Herbert Lubs ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo ẹ̀jẹ̀ ìdílé mìíràn. Ó rí i pé ìdí okùn X wọn fẹ́ já, bí okùn tí a fi ọ̀bẹ gé díẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ya ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 1977 ni Grant Sutherland, ní Ọsirélíà, tó mọ ìdí rẹ̀. Nínú ìgò ni wọ́n ti ń sin sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó wò ó, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ. Oúnjẹ àtijọ́ kò ní èròjà fólíìkì, èyí tí ó wà nínú ewébẹ̀. Wọ́n ti wá oúnjẹ tuntun tí ó dára jù, tí èròjà náà kún inú rẹ̀, oúnjẹ dídára náà ni ó sì bo àbùkù náà mọ́lẹ̀! (Ẹ má ṣi èyí gbọ́. Inú ìgò ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Kí aláboyún máa lo oògùn fólíìkì tí wọ́n bá fún un. Kì í fa àìsàn yìí, kì í sì í wò ó.)

Ní ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Họ́láǹdì, Ọsirélíà àti ní ìlú Strasbourg ní Faransé wá rí ìtọ́ni náà gan-an àti àwọn lẹ́tà tí ń tún ara wọn sọ. Láti ìgbà náà, a lè ka iye CGG ènìyàn láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà tí ń jẹ́ Ricaurte. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn tí òye wọn lọ́ra pọ̀ ní àárín wọn. Àwọn kan ní omi ni. Àwọn kan ní èpè ni. Dókítà Wilmar Saldarriaga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé náà. Ní ọdún 2018 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ọkùnrin kan nínú 21 àti obìnrin kan nínú 49 ni ó ní CGG tí ó ju 200 lọ. Àwọn ìdílé díẹ̀ ni ó tẹ abúlé náà dó, okùn kan náà ni wọ́n sì ti ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Nítòsí wa, ní Kamẹrúùnù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambroise Wonkam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdílé ńlá kan ní ìgbèríko tí àìsàn náà wà nínú rẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2020. Wọ́n tẹ̀lé okùn ìbátan láti ilé dé ilé, wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ pé òun gbé e tàbí òun kò gbé e.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ Ọ́N

Ní ọjọ́ ìbí, ìkókó náà kò yàtọ̀ sí ìkókó mìíràn. Ohun tí ìyá kọ́kọ́ máa ń rí ni pé ara ọmọ rọ̀, orí kò tètè dúró, ìjókòó pẹ́, ìrìn pẹ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó máa ń pẹ́ jù. Bí ó bá wá sọ̀rọ̀, á máa yára sọ ọ́, á máa tún gbólóhùn kan náà sọ lemọ́lemọ́. Etí sábà máa ń dùn wọ́n, ọyún a sì máa jáde níbẹ̀. Oríkèé ìka wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè tẹ̀ sẹ́yìn. Awọ ara wọn tutù, ó ń yọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ. Wárápá máa ń mú díẹ̀ nínú wọn, nǹkan bí ọmọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ó ti ń dàgbà, ojú rẹ̀ á gùn, etí rẹ̀ á tóbi, iwájú orí rẹ̀ á yọ. Lẹ́yìn tí ó bá bàlágà, kórópọ̀n rẹ̀ á tóbi ju ti ọkùnrin mìíràn lọ. Kì í ṣe ìpá, kì í dùn ún, kò sì fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìrísí ojú nìkan, ṣá. Ẹni tí etí rẹ̀ tóbi pọ̀ láyé tí òye rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Àwọn mìíràn sì ní àìsàn yìí tí a kò lè rí ohunkóhun lára wọn.

Ìwà ọmọ náà ni ó máa ń da ilé rú. Kì í lè jókòó sí ojú kan. Ọjà tí ó kún, ìlù, ariwo zẹ̀míjàn, aṣọ tí ó ń ta ara, gbogbo rẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ ju bí ó ti ń wọ inú tiwa lọ. Bí ó bá yí ojú kúrò lára àgbà, kì í ṣe àfojúdi. Ìtìjú àti ẹ̀rù ni. Ó ń fẹ́ ènìyàn, ó fẹ́ bá ọ ṣeré, ṣùgbọ́n ojú rẹ ń dẹ́rù bà á. Nínú ìtìjú yìí kan náà, ọ̀pọ̀ wọn mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, wọ́n mọ bí a ṣe ń sín ènìyàn jẹ, wọn kì í sì í gbàgbé ọ̀nà tàbí orin tí ó bá wù wọ́n.

Ọmọbìnrin tí CGG rẹ̀ ju 200 lọ ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì wọn ni òye wọn ń lọ́ra, kì í sì í sábà le tó ti ọkùnrin. Àwọn yòókù lè lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìṣirò á máa nira fún wọn, ìtìjú á sì pọ̀ lára wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀lẹ.

Àwọn tí ó gbé e náà lè ní ìṣòro tiwọn, èyí kò sì yé àwọn dókítà títí di ìgbà tí kò pẹ́. Nínú àwọn obìnrin tí ó gbé e, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń dá dúró kí ó tó pé ọmọ ogójì ọdún. Nínú àwọn ọkùnrin tí ó gbé e, ọ̀pọ̀ ni ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, wọn a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí wọ́n bá ń rìn bí ẹni tí ó mutí. Ọdún 2001 ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan ni ọwọ́ gbígbọ̀n bàbá àgbà àti àìsọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kò tíì sí oògùn tí ó lè wo àìsàn yìí sàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò wò ó, owó yín ni ó fẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ tí a lè ṣe, ẹ̀mí ọmọ náà sì lè gùn bí ti ẹlòmíràn.

Wárápá ní oògùn ní ilé ìwòsàn. Kí ó máa lò ó lójoojúmọ́ láìdáwọ́ dúró. Etí tí ń ṣọyún ní ìtọ́jú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọmọ tí òye rẹ̀ lọ́ra yóò tún di adití. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ rán an lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní kí ó gbé korobá, kí ó pọn omi, kí ó sì bọ́ adìyẹ, á dúró ní àárín. Ẹ ní kí ó gbé korobá. Bí ó bá gbé e dé, ẹ ní kí ó pọn omi. Ẹ ṣe é níṣojú rẹ̀, nítorí ó mọ bí a ṣe ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ ju bí ó ti ń fi etí kọ́ ọ lọ. Kí iṣẹ́ òwúrọ̀ máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà lójoojúmọ́. Bí ariwo bá dé, ẹ mú un lọ sí ibi tí ó dákẹ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ẹ má fi agbára yí ojú rẹ̀ sí tiyín.

Ẹgba kò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí ìbẹ̀rù ti pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹgba á sọ ìbẹ̀rù náà di méjì. Dídè mọ́lẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé-ìwé bá gbà á, kí olùkọ́ fi í sí iwájú, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó lè ṣe é. Dókítà lè ní láti fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ibi tí ó jìnnà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ wò, kí ẹ sì sọ bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe rí. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà, èsì rẹ̀ kò ní jẹ́ ti ọmọ yẹn nìkan. Yóò jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bímọ. Ẹni tí ó mọ iye CGG rẹ̀ lè bá dókítà jíròrò kí ó tó lóyún.

Dókítà yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Kí ẹ tó kúrò ní ilé, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sí ìsàlẹ̀, ti ìyá àti ti bàbá rẹ̀ sí òkè rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá, àti iye ọmọ tí olúkúlùkù bí, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ fi àmì sí ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹni tí wárápá ń mú, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ tètè dúró. Ẹ kọ orúkọ bàbá ìyá sí òkè pátápátá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tí ó darúgbó.